Ọmọ Àdán Inú Ihò Àpáta

Nígbà tí èmi náà ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tíṣà ní Àgbówó, ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, ihò àpáta kan wà lẹ́yìn Òjòó tí ọkàn mi kì í kúrò níbẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ mi, nǹkan ń bẹ nínú ihò yẹn! Alántakùn ẹlẹ́sẹ̀ gígùn ń rìn lára ògiri, ìrẹ̀ ń dún nínú òkùnkùn, àdán sì so rọ̀ lókè bí èso. Ẹ má pe àdán ní ẹyẹ o. Ọmọ ló ń bí, ó sì ń fún un lọ́mú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo kó àwọn ọmọ kíláàsì mi lọ síbẹ̀. Kí a tó wọlé, gbogbo wọn pariwo pé, "Àgò onílé o!" ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín. Inú èmi náà ń dùn ṣìnkìn. Bí mo ṣe tan tọ́ọ̀ṣì báyìí, ọmọ àdán kan la rí nílẹ̀, tó ń ké tín-ín-rín.

Ọmọkùnrin kan tí àwọn òbí rẹ̀ ṣí wá láti Òkè-Ògùn ní, "Èmi ni mo kọ́kọ́ rí i! Àǹtí, àdán yíyan dùn o."

Ọmọbìnrin kan sáré dúró níwájú rẹ̀. "Wọ̀bìà! Ṣebí ìwọ náà kágò lẹ́ẹ̀kan? Àlejò wo ló ń yan ọmọ onílé jẹ?"

"Onílé ò kúkú dá mi lóhùn."

"Ó lọ ọjà ni!"

Mo rẹ́rìn-ín, mo sì kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, nítorí àdán lè gé ènìyàn jẹ. Ọmọbìnrin náà na ẹ̀ka igi sí i. Ọmọ àdán náà fi èékánná di igi náà mú pinpin, a sì gbé e kọ́ ara ògiri, níbi tí ìmọ́lẹ̀ dé díẹ̀. A jáde, a ń yọjú láti ẹnu ihò. Bí ìyá rẹ̀ kò bá wá, yóò kú.

Lójijì, àdán ńlá kan já wálẹ̀, ó lẹ̀ mọ́ ọmọ náà. Nígbà tí yóò tún fi fò, ọmọ ti wà láyà rẹ̀! Ẹni tó fẹ́ yan án jẹ ló kọ́kọ́ fò sókè: "Ó ti gbé e! Àǹtí, ó ti gbé e!"

Lónìí, wọ́n ti fọ́ àpáta náà fi kọ́lé. Orí fóònù ni àwọn ọmọ ìwòyí ti ń wo ihò, n kò sì bá wọn jà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí àdán tó ń fò kọjá lókè Bódìjà nírọ̀lẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ òkò lù ú. Ó lè jẹ́ pé ọmọ ló ń wá lọ.