Táyọ̀, Etí Odò Ni Mo Ti Máa Ń Dúró Wò Ọ́

Yéè! Adétáyọ̀, Àkànní mi, ṣé bó o ṣe lọ nìyẹn? Ṣé ó dìgbóṣe nìyẹn, láìjẹ́ kí n gbọ́ ohùn rẹ?

Ọmọ tó ga bí òpó iná, tó máa ń tẹrí ba kó tó lè wọ yàrá mi. Ọmọ tí kì í fọwọ́ kan oúnjẹ kó má kọ́kọ́ béèrè pé, "Mọ́mì, ẹ̀yin ń kọ́? Ẹ ti jẹun?" Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, tí bàbá rẹ̀ fi ń yangàn níbi iṣẹ́ ní Mulhuddart. Àwọn ẹlẹgbẹ́ bàbá rẹ ń sọ̀rọ̀ ilé tí wọ́n fẹ́ rà àti mọ́tò tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà. Tiwa, ìwọ ni.

Nígbà tó o sọ fún mi pé o ti wọ ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń tukọ̀ lórí odò Liffey, mo ní, ṣé torí kó o lè di apẹja la ṣe gbé ọ wá sí Ireland? O rẹ́rìn-ín títí o fi di fìríìjì mú. "Mọ́mì, it's only rowing. It's grand." Grand, grand, gbogbo nǹkan ni grand lẹ́nu rẹ. Èmi tí mi ò mọ̀ ọ́n wẹ̀, ọkàn mi kì í balẹ̀ láàárọ̀ Sátidé. Ni mo bá ń wọ bọ́ọ̀sì tẹ̀ lé ọ, tèmi ti mọ́ínmọ́ín gbígbóná nínú kúlà, mo ń dúró létí odò nínú kóòtù ńlá.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo rí yín, mo figbe ta. Gbogbo yín lẹ kẹ̀yìn síbi tí ẹ ń lọ! Mo ń sáré létí odò, mo ń pariwo, "Táyọ̀! Yíjú padà! Ibẹ̀ yẹn kọ́ niwájú!" Àwọn òyìnbó dúró, wọ́n ń wò mí. Ẹ̀rín ò jẹ́ kó o lè di àjẹ̀ rẹ mú mọ́, ọmọbìnrin kékeré tó ń darí ọkọ̀ yín sì ń jágbe mọ́ ọ. Ìgbà tẹ́ ẹ gúnlẹ̀ lo ṣàlàyé pé bí wọ́n ṣe ń tù ú nìyẹn, pé ọmọbìnrin yẹn nìkan ló ń wo ọ̀nà. O ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀, Mọ́mì. Bí mo ṣe ń lọ, ẹ̀yin ni mò ń wò. Mò ń rí yín títí a fi máa yí kọ́nà."

Látọjọ́ yẹn, mi ò kúrò lójú kan mọ́, àfi tẹ́ ẹ bá yí kọ́nà.

Omi ni mò ń ṣọ́, Táyọ̀. Gbogbo àdúrà mi, orí omi ni mo gbà á sí. Mi ò mọ̀ pé orí bẹ́ẹ̀dì rẹ ni ikú máa bá ọ, lẹ́yìn tó o ti ti odò dé, tó o ti jẹun, tó o ní kí n jẹ́ kó o sùn díẹ̀. Dókítà ní ọkàn rẹ ló dáṣẹ́ sílẹ̀ lójijì, pé kò sóhun tẹ́nikẹ́ni ì bá ṣe. Ó rò pé ìyẹn máa tù mí nínú.

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ wá kí wa. Wọ́n bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà láìjẹ́ pé a sọ fún wọn. Kíarán, olórí ẹgbẹ́ yín, dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì bó o ṣe kọ́ ọ, ibẹ̀ ló sì ti ń sunkún. Wọ́n ní àwọn ló máa gbé ọ lé èjìká, bí ẹ ṣe máa ń gbé ọkọ̀ yín lọ sódò, kí n máa rìn níwájú àwọn. Mo sọ fún wọn pé lọ́dọ̀ wa, ìyá àti bàbá kì í tẹ̀ lé ọmọ wọn dé ibi tí wọ́n ti máa sin ín. Kíarán gbójú sókè: "But you're his mam."

Mo lọ bẹ àwọn àgbà ìjọ pé kí wọ́n jẹ́ kí n tẹ̀ lé ọ. Wọ́n ní èèwọ̀ ni, kí n ro ti Fúnkẹ́, àbúrò rẹ, tó kù. Ẹ̀rù Fúnkẹ́ ló dè mí lẹ́sẹ̀, Táyọ̀. Bí nǹkan bá tún ṣe òun náà, kí ni mo fẹ́ wí? Òun ló ní, "Mam, I'll go. I'll call him for you." Mo jókòó tì í ní kíṣìnì, mo ń kọ́ Fúnkẹ́ ní oríkì rẹ. Àkànní ò tíì mọ́ ọn lẹ́nu, àmọ́ ó máa pè é.

Wọ́n ní a ó tún pàdé. Etí mi ń gbọ́, ọkàn mi ò gbà á.

Nígbà tí wọ́n bá ń ka ìwé yìí níbi tí wọ́n ti ń sin ọ́, ilé ni mo wà pẹ̀lú bàbá rẹ. Àkànní, o tún ń lọ, o tún kọjú sí wa. Wàá rí Kíarán. Wàá rí Fúnkẹ́. O ò ní rí mi létí odò lọ́tẹ̀ yìí. Má rò pé mo ti wọ bọ́ọ̀sì lọ sílé kó o tó yí kọ́nà.

Sùn re o, ọmọ mi. Sùn re, atukọ̀ mi.

Màmá rẹ