Adìyẹ ń sàba nínú mọ́tò mi

Oṣù méje ni ẹ́ńjìnnì Pijó mi ti wà nílẹ̀. Lónìí, adìyẹ ló tún dá a dúró.

Gàníyù mẹkáníìkì, ní àdúgbò PK12, ló tú u palẹ̀. Bó bá ti fẹ́ fọwọ́ kàn án báyìí, jíìpù àwọn elépo rọ̀bì á dé, á sì pa tèmi tì. Láàárọ̀ yìí ló pè mí pé òun ti tò ó tán, kí n wá wo bí òun ṣe máa dá a padà sínú mọ́tò.

Mo débẹ̀. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Adìyẹ ìyàwó rẹ̀ ló ń sàba lórí ẹyin níbi tí ẹ́ńjìnnì yẹ kó wà.

"Gbé e kúrò."

"Háà, Bàbá! Bí a bá gbé e, kò ní sàba mọ́. Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án péré."

"O ò ka oṣù méje tèmi, o wá ń ka ọjọ́ fún adìyẹ?"

Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Ojú oórì ìyàwó mi ní ìlú Ntoum ni mo fẹ́ wa mọ́tò náà lọ. Koríko á ti bò ó. Ẹ má ní kí n wọ takísí. Mi ò fẹ́ bá èrò lọ sọ́dọ̀ rẹ̀.

Adìyẹ náà wò mí, kò mira. Ó ti rẹ̀ mí. Mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, mo padà sílé ní Awendjé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá máa gbé e kúrò, ẹ fèsì. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ sọ bóyá ẹ ti sin ẹnìkan rí.