Ìbò Tí Àlejò Dì

Nígbà tí mo ṣì wà lọ́mọdé, tí òmìnira Nàìjíríà kò tíì pẹ́, ọsàn márùn-ún ló sọ mí di ẹni tó fẹ́ràn òfin ìlú. Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí fún yín.

Iyaro, ní ìlú Benin, ni à ń gbé. Akọ̀wé ìjọba ni bàbá mi, ará Ìjẹ̀bú. Ìyá mi ń ta ọsàn níwájú ilé. Tíṣà àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ Ẹ̀dó, ló ni ilé náà. Ìbàdàn ni wọ́n ti ń ṣàkóso Benin nígbà náà, àwọn onílẹ̀ sì fẹ́ ní ẹkùn tiwọn. Òfin ilẹ̀ wa gbà wọ́n láàyè, ṣùgbọ́n kò fi ṣeré rárá. Ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin ilé méjèèjì l'Ékòó gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, ilé aṣòfin ẹkùn méjì ó kéré tán gbọ́dọ̀ gbà á, kí àwọn ará ibẹ̀ fúnra wọn tó wá dìbò. Gbogbo ìyẹn ti kọjá. Ó ku ìbò.

Ojúlé dé ojúlé ni Tíṣà ń rìn nítorí ìbò yìí. Orúkọ bàbá mi wà nínú ìwé ìdìbò, ṣùgbọ́n ó ní òun ò ní lọ. Kò lòdì sí i o. Ó rò pé ìwà ọmọlúàbí lòun ń hù.

"Àlejò kì í dá sí ọ̀rọ̀ onílé, Tíṣà. Ẹ̀yin lẹ nilẹ̀."

Tíṣà kò bá a jiyàn. Ó mú ọsàn márùn-ún nínú àtẹ ìyá mi, ó tò wọ́n sórí bẹ́ǹṣì.

"Ọsàn tẹ́ ẹ bá bó, ẹ ó sanwó ẹ̀ o," ni ìyá mi wí.

"Mi ò bó nǹkan kan, ìyàwó. Akọ̀wé, ká ní àwa tó lórúkọ nínú ìwé nìyí. Òfin ní mẹ́ta nínú márùn-ún gbọ́dọ̀ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Kò sọ pé nínú àwọn tó bá jáde o. Nínú gbogbo ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ ni." Ó ti méjì síwájú. "Àwọn wọ̀nyí jáde. Mẹ́ta yìí jókòó sílé, wọn ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ta ló borí?"

Bàbá mi wo ọsàn náà títí. "Àwọn tó jókòó."

"Ìwọ nìyí," ni Tíṣà wí, ó fọwọ́ kan ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta náà. "O ti dìbò lòdì sí mi, o sì ń rẹ́rìn-ín sí mi."

Ìyá mi ò jẹ́ kí bàbá mi fèsì. "Mo bí ọmọ mẹ́ta sínú ilé yìí. Irú àlejò wo nìyẹn, Bàbá àwọn ọmọ?"

Lọ́jọ́ ìbò, bàbá mi wọ aṣọ tó máa ń wọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, òun àti Tíṣà sì jọ lọ. Ìbò náà kọjá ohun tí òfin béèrè, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe dá ẹkùn Àárín-Ìwọ̀-Oòrùn sílẹ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti ń ka gbogbo ìwé òfin ilẹ̀ wa, èyí tí àwọn ológun pa tì àti èyí tí à ń lò báyìí. Gbogbo ìpínlẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ lẹ́yìn náà, àṣẹ ológun ló dá wọn. Ti tiwa nìkan ni wọ́n béèrè lọ́wọ́ ará ìlú.

Ayé ti yí. Ní Ugbor, nínú Benin kan náà, tí mo ń gbé nísinsìnyí, ọjọ́ ìbò ti di ọjọ́ tí àwọn ọ̀dọ́ ń gbá bọ́ọ̀lù lójú títì. Ọmọ-ọmọ mi ọkùnrin tilẹ̀ sọ fún mi pé, "Mama, I be Yoruba. Wetin concern me?" Òfin tòní kò ka ẹni tó jókòó sílé mọ́ ẹnikẹ́ni, nítorí náà n kò lè fi ìyẹn dẹ́rù bà á. Mo kàn bi í pé níbo ni wọ́n bí i sí.

Nínú àwa méje tó ní káàdì ìdìbò nílé mi, èmi àti ọkọ mi nìkan ló jáde nígbà ìbò gómìnà kan. Nígbà tó kẹ́yìn yìí, àwa mẹ́fà la dìbò.