Orin Tí Wọ́n Fi Ta Mí Lọ́rẹ

Ohun tí mo mọ̀ nípa ẹ̀bùn ni pé ẹni tí wọ́n fún ló máa ń kọ́kọ́ rí i. Bí o bá ra aṣọ fún mi, ọwọ́ mi lo máa kó o lé. Mo máa tú u wò, mo máa fi kan ara, mo máa dúpẹ́, lẹ́yìn náà ni aládùúgbò á tó rí i. Èyí tí mo fẹ́ sọ yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ta mí lọ́rẹ, gbogbo ayé ti rí i tán, ó wá ku èmi nìkan.

Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ kàn. Ẹ má jẹ́ kó rú yín lójú: ìyàwó ọkọ mi ni mò ń wí, èyí tí bàbá àwọn ọmọ wa fẹ́ lé mi. Èmi ni ìyálé. Ọkọ wa ti lọ sọ́run tipẹ́. Èmi ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ mi obìnrin ní Sùúrùlérè, òun ṣì wà nínú ilé tí a jọ gbé ní Muṣin, ilé ilẹ̀ kan tó ní àgbàlá lẹ́yìn. Nígbà tí a jọ wà níbẹ̀, a kì í jà. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé ilé olórogún rí ti mọ ohun tí mo fẹ́ sọ: orin la máa ń kọ. Ẹni tó ń fọ abọ́ á kọ tirẹ̀. Kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, kò ní wo ẹnikẹ́ni lójú. Abọ́ ṣáà ló ń fọ̀. Ẹni tí orin ń bá wí á gbé ọmọ pọ̀n, á mú ìgbálẹ̀, á fi tirẹ̀ dá a lóhùn. Ọkọ wa á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, á máa sọ fún àlejò pé inú àwọn ìyàwó òun mà dùn lónìí o. Mo mọ orin ọ̀hún kọ, mi ò ní parọ́. Òun náà kì í ṣe ọ̀lẹ.

Ọjọ́ ogbó ti bá wa parí ìyẹn. Láràárọ̀ ló máa ń pè mí lórí fóònù, bí mo bá ti ń jẹ búrẹ́dì mi tán.

"Ìyálé mi, ṣé ẹ jí ire?"

"Mo jí, ìyàwó mi. Orúnkún ńkọ́?"

Orúnkún rẹ̀ la máa ń kí ká tó kí òun fúnra rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tí mò ń sọ yìí, ọ̀rọ̀ ńlá wà nílẹ̀. Ọmọ ìkẹyìn rẹ̀ obìnrin ti rí ọkọ, àwọn ará ilé ọkọ sì ń bọ̀ wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Ẹ̀yìn mi ni ọmọ yìí gbé títí ó fi rìn, torí àìsàn dá ìyá rẹ̀ dùbúlẹ̀ lẹ́yìn tó bí i tán. Bó bá ṣubú, orúkọ mi ló máa ń ké. Mo ti fa àwọn ọmọ tèmi fún ọkọ, inú mi dùn, ṣùgbọ́n ti èyí ni mò ń retí jù. Mo fẹ́ jókòó síbẹ̀ kí wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún mi bí ìyá rẹ̀. Mi ò tún wá nǹkan mìíràn lọ́dún yẹn.

Ìyàwó mi ló fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ó ní, "Ìyálé mi, ẹ̀yin lẹ máa jókòó síwájú o. Èmi á wà lẹ́yìn yín." Mo ní rárá, ẹ̀gbẹ́ ara wa ni ká jókòó sí. Ó ní kí n jẹ́ kóun rò ó, pé bí ilẹ̀ bá mọ́ òun á pè mí, òun á sọ ọjọ́ tí àwọn àna mú.

Ilẹ̀ mọ́, mo wà ní balùwẹ̀, mo ti fi ọṣẹ kun ara, ni mo gbọ́ tí fóònù ń dún ní yàrá. Ó dún títí, ó dákẹ́. Ó tún dún títí, ó tún dákẹ́. Èèyàn tó bá tó mi lọ́jọ́ orí kì í sáré lórí ilẹ̀ tó lọ́ṣẹ. Mo wẹ̀ tán, mo nu ara, mo pè é padà. Ó dún, kò gbé e. Mo rò pé ó wà lẹ́yìnkùlé. Mo pè é lọ́sàn-án, kò gbé e. Lọ́jọ́ kejì bẹ́ẹ̀ náà ni. Mo jẹ búrẹ́dì mi tán, mo gbé fóònù sórí itan, kò dún.

Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi sọ̀rọ̀ bákan. Ìyá ìjọ wa pè mí, ó ní, "Màmá, ṣé ẹ̀yin náà nìyẹn?" Mo ní èmi ni. Ó mí kanlẹ̀, ó ní kí Ọlọ́run ṣàánú gbogbo wa. Mo ṣe àmín. Aránṣọ kan tó máa ń ra sípù àti bọ́tìnnì lọ́wọ́ mi nígbà tí mo ṣì ń tajà ní Yábà náà pè láti kí mi, ẹ̀rín ló fi bẹ̀rẹ̀: "Màmá onísípù! Ẹ ti di bígí gẹ́ẹ̀lì!" Mo ní mo dúpẹ́. Bí wọ́n bá ń yin àgbà, kì í béèrè ìdí.

Ọmọ ìkẹyìn yẹn ló wá tú u fún mi. Ó pè mí láti ibi iṣẹ́, ó ń fohùn jẹ́jẹ́ sọ̀rọ̀ kí ọ̀gá rẹ̀ má baà gbọ́.

"Màmá ńlá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni màámi fi ṣẹ̀ yín?"

"Kò fi nǹkan kan ṣẹ̀ mí. Kí ló dé?"

"Wọ́n ní ẹ ń fi orin bú àwọn."

"Èmi? Láti Sùúrùlérè?"

"Lórí fóònù yín ni. Ẹnikẹ́ni tó bá pè yín ló ń gbọ́ ọ. Èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ tán báyìí kí ẹ tó gbé e."

Mo gbé fóònù kúrò létí, mo wò ó níwá lẹ́yìn. Kò sí orin kankan lára rẹ̀.

"Màámi ní àwọn ò ní sọ ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ fún yín mọ́. Wọ́n ní ẹni tó bá ti wà níwájú, kí lèèyàn tún ń pè é sí?"

"Ìwọ ńkọ́, ọjọ́ wo ni?"

"Wọ́n ti ní n ò gbọ́dọ̀ sọ ọ́, Màmá."

Mi ò fi dandan mú un. Kò yẹ ká fi ọmọ sáàárín ìyá méjì, pàápàá ọmọ tó ń múra ilé ọkọ.

Mo wọ bàtà, mo lọ bá obìnrin tó ń ta káàdì fóònù lẹ́nu ọ̀nà wa. Mo ní kó fi tirẹ̀ pe tèmi. Ó pè é, ó gbé tirẹ̀ lé mi létí òsì, mo mú tèmi mọ́ etí ọ̀tún. Létí ọ̀tún, gírín-gírín-gírín, bó ṣe ń dún láti ọjọ́ tí mo ti ní i. Létí òsì, ìlù wọlé, fèrè wọlé, ọmọbìnrin kan wá lanu:

*Èmi ni mo kọ́kọ́ dé,*
*èmi ni mo jókòó síwájú.*
*Ìwọ tó o dé lẹ́yìn,*
*máa wo ìpàkọ́ mi.*

Oníkáàdì ti ń mi ìdí díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó rí ojú mi, ó dúró.

Mo gbọ́ ọ dé ìparí. Ohùn ọmọ náà dáa. Ṣùgbọ́n ẹ wá wo obìnrin tí mo jẹ́ ìyálé fún, tó ti fi ìwà pẹ̀lẹ́ sọ fún mi lọ́jọ́ tó ṣáájú pé kí n jókòó síwájú òun. Ó pè mí kó lè sọ ọjọ́ fún mi, mi ò gbé e, ó wá ń gbọ́ pé kó máa wo ìpàkọ́ mi. Ó ní bóyá etí òun ni, ó tún pè, ìpàkọ́ náà ló tún bá. Bó bá jẹ́ èmi ni, mo ti ju fóònù náà sí gọ́tà.

Oníkáàdì bá mi ṣí àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ tó wà nínú fóònù mi. Òyìnbó ni wọ́n fi ń kọ wọ́n, ìwé kejì lèmi sì ti kúrò níléèwé, nítorí náà mo máa ń wò wọ́n bí èèyàn ṣe ń wo ẹni tó ń polówó kọjá lọ. Ó ní, "Ẹ kú oríire, Màmá! Wọ́n ní oníbàárà àtàtà ni yín. Wọ́n fi orin yìí ta yín lọ́rẹ."

Mo wọ kéké lọ sí ọ́fíìsì àwọn tó ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì mi. Òtútù ibẹ̀ pọ̀ bí ẹni pé ẹja ni wọ́n ń tà. Ọmọbìnrin tó jókòó nídìí kọ̀ǹpútà kí mi dáadáa, mo rò ó fún un.

"Màmá, ọ̀fẹ́ mà ni. Wọn ò yọ kọ́bọ̀ lára owó yín."

"Mo gbọ́. Ta ló béèrè rẹ̀?"

"A kàn fi mọ rírì àwọn oníbàárà wa tó ti pẹ́ ni."

"Ìwọ ọmọ yìí, bí mo bá gba akọrin, tí mo dá a dúró sẹ́nu ọ̀nà yín, tó ń sọ fún gbogbo àlejò rẹ pé o ju wọ́n lọ, tí ìwọ wà ní yàrá tó ò gbọ́, kí lo máa pe ìyẹn?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Kọ́là tíùn ni, Màmá."

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó ní ṣé kóun pààrọ̀ rẹ̀ fún mi, ti ìjọ wà, ti ìfẹ́ náà wà.

"Yọ ọ́. Báwo ló ṣe ń dún kí ẹ tó dé?"

"Ó kàn máa ń ṣe túù, túù ni."

"Túù yẹn ni mo fẹ́. Túù kò bá ẹnikẹ́ni jà rí."

Ó tẹ̀ ẹ́, ó ní bó bá di ọ̀la, á ti kúrò. Lóòótọ́ ló sì kúrò. Ṣùgbọ́n ìyàwó mi kò sí nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀, nítorí náà mi ò dúró de ọ̀la; lọ́jọ́ náà gan-an ni mo gba Ojú Ẹlẹ́gbà, mo wọ ọkọ̀ Muṣin.

Mo bá a ní àgbàlá, ó gbé atẹ ẹ̀wà sórí itan, ó ń ṣà á. Ó rí mi. Kò kúnlẹ̀, kò kí mi. Ó kọjú sí ẹ̀wà, ó bẹ̀rẹ̀:

*Mo wo ìpàkọ́, mo rí ewú;*
*mo wá ọgbọ́n títí, n ò rí i.*

Ẹ má bínú, inú mi dùn. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ohùn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo fa àpótí, mo jókòó, mo jẹ́ kó kọ ọ́ tán.

"O ṣe é dáadáa," mo ní.

"Ta ni mò ń bá wí? Ẹ̀wà ni mò ń ṣà."

"Mo mọ̀. Ọjọ́ tó o pè mí yẹn, balùwẹ̀ ni mo wà."

"Ẹ wẹ̀ títí orin fi tán lẹ́ẹ̀mejì? Ṣé ìyàwó tuntun ni yín ni?"

"Gbé fóònù rẹ, kó o pè mí."

Ó kọ́kọ́ yínmú, ó wá pè. Tèmi ń dún lọ́wọ́ mi, orin ń jáde lára tirẹ̀. Mo ní kó wo ẹnu mi bó ṣe pa dé.

"Ẹnu yín pa dé, ọwọ́ yín ló yàn án."

"Àwọn tó ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni wọ́n fi ta mí lọ́rẹ."

"Wọn ò mọ̀ mí, wọn ò mọ̀ yín. Nínú gbogbo orin ayé, èyí ni wọ́n rí, lọ́sẹ̀ tí mo ní kí ẹ jókòó síwájú mi?"

Kí n má tàn yín, bí ẹnì kan bá sọ irú ẹ̀ fún mi, mi ò ní gbà. Mo rò ó. Mo wá ní, "Ìyàwó mi, ọdún tí a jà sí okùn ìsáṣọ, kí ni mo kọ sí ọ?"

Ó ṣa ẹ̀wà díẹ̀. "Ẹ ní bí mo bá sá aṣọ, àwọn ẹyẹ á ṣí kúrò ládùúgbò."

"Ọdún tó o jó ìkòkò mi ńkọ́?"

"Ìyẹn ni gbogbo àdúgbò fi ń pè mí ní ìyá eléèédú."

"Ta ló bá mi kọ wọ́n?"

"Ẹ̀yin ni."

"Ìgbà wo ni mo wá gba èèyàn kó wá bá mi bú ọ?"

Ó yọ òkúta kan nínú ẹ̀wà, ó jù ú nù.

"Orúnkún rẹ tó ń dún bí ilẹ̀kùn tó gbó yìí, mo wá fẹ́ bú ọ, mi ò wá ní fi orúnkún sí i?"

Èjìká rẹ̀ kọ́kọ́ gbọ̀n. Ó di atẹ mú, ẹ̀wà ti ń dà sílẹ̀. "Òótọ́ ni," ó ní. "Ẹ ò lè fi orúnkún sílẹ̀."

"Kò ṣeé fi sílẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ó fi etí ìró nù ún. "Ìyálé mi, orin yẹn ò tiẹ̀ dùn. Mo ń sọ lọ́kàn mi pé ọjọ́ ogbó ti dé sí yín, pé ẹ ò mọ̀ ọ́n kọ mọ́. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù."

Ó wá kúnlẹ̀ kí mi, orúnkún náà sì dún lóòótọ́. Sátidé ni, ó ní. Kí n tètè dé, torí àwọn àna kì í pẹ́ dé. Mo bá a ṣa ẹ̀wà yòókù.

Ní Sátidé, a gbé àga gígùn tí ọkọ wa fi sílẹ̀ síta, àwa méjèèjì jókòó sórí rẹ̀. Àwọn àna dé, ọ̀dọ́mọkùnrin tó rẹwà, àwọn ará ilé rẹ̀ pẹ̀lú fìlà. Bàbá ọkọ wò wá títí, ó ní òun kò fẹ́ ṣìṣe o, èwo nínú wa ni ìyá ìyàwó?

Mo fẹ́ dáhùn. Ìyàwó mi fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi.

"Èmi ni mo bí i," ó ní, "èyí ló pọ̀n ọ́n. Ẹ kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ fún un ná, ó ti ń retí yín látàná."

Gbogbo wọn nà gbalaja. Wọ́n ń dúró kí n ní kí wọ́n dìde. Mi ò tètè sọ ọ́.