Ìbọn Tó Wúwo Dáadáa

Ọkọ mi kì í ṣe oníjàgídíjàgan. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe, bí eku bá sì sá wọ ilé ìdáná wa, èmi ló máa ń pè. Nítorí náà, nígbà tó sọ fún mi lọ́dún tí a kó dé Marzahn nílẹ̀ Jámánì pé òun ti wọ ẹgbẹ́ àwọn tó ń yìnbọn ṣeré ìdárayá, mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn mí. Ìyá rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín ní tiwọn. Nínú èdè wa, ìbọn ni ìbọn ń jẹ́: ti ọlọ́pàá, ti olè, ti eré, orúkọ kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ní. Màmá gbọ́ "ìbọn" lórí fóònù, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ ní Abẹ́òkúta.

"Màmá, bébà la máa ń yìn ín sí," ni ọkọ mi ń wí. "Bébà lásán."

"Kí ni bébà ṣe fún ẹ?" ni Màmá béèrè.

Ó fẹ́ràn eré náà ju bí mo ṣe rò lọ. Ó ní níbi iṣẹ́, Jámánì tí òun ń fi ipá sọ máa ń rẹ òun lẹ́nu, ṣùgbọ́n bí òun bá ti dúró síwájú àmì, kò sẹ́ni tó ń retí pé kí òun sọ̀rọ̀. Bó bá dé, á tẹ́ bébà rẹ̀ sórí tábìlì kí n wo bí ihò ọta ṣe ṣùpọ̀ láàrin. A lẹ èyí tó dára jù mọ́ ara fìríìjì.

Nígbà tó yá, àwọn ihò náà bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò láàrin. Wọ́n kọ́kọ́ sún sẹ́gbẹ̀ẹ́, lẹ́yìn náà wọ́n fọ́n ká. Ó ní ìbọn ẹgbẹ́ ló fà á.

"It's that Verein gun, jàre. Ó ti fúyẹ́ jù. Plastic lásán-làsàn! Kéèyàn tó mí, ó ti mì."

Nọ́ọ̀sì ni mí. Mo ti rí ohun tí kò fẹ́ kí n rí. Bó bá jókòó ti tẹlifíṣọ̀n, tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà lórí itan, àtàńpàkò rẹ̀ á máa yí lórí ìka tó tẹ̀ lé e, bí ẹni ń ṣu òkèlè kékeré kan tí kò ní jẹ. Mo ti rí irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ lára àwọn aláìsàn mi tí àrùn ọpọlọ ń mú gbọ̀n. Ẹ̀rù bà mí, mo sì sọ fún un lójúkojú pé kó jẹ́ ká gba Termin lọ́dọ̀ dókítà tó ń wo ọpọlọ àti iṣan.

"Jẹ́ kí n ra tèmi ná," ló wí. "If I get a proper gun, tí ọwọ́ yìí ṣì ń ṣe báyìí, màá tẹ̀ lé ẹ lọ. I promise."

Ọgbà yunifásítì la ti pàdé, "ìwọ" là ń pe ara wa, bí inú ìyá rẹ̀ ò tilẹ̀ dùn sí i. Síbẹ̀, n ò lè wọ́ ọ lọ sílé ìwòsàn bí ọmọdé. Àdéhùn wa nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, ìbọn tí à ń wá ti di ẹjọ́. Bó bá jẹ́ pé ìbọn ló jẹ̀bi, ọkọ mi yè.

Ó ti bá ẹgbẹ́ ṣeré pẹ́ tó tí ìjọba fi gbà kó ní tirẹ̀, ó wá kù kó yan èyí tí agbára wa ká. Èmi tí n kì í fẹ́ gbọ́ ìró ìbọn wá di akẹ́kọ̀ọ́. Ó ṣàlàyé fún mi pé ọta kékeré tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ń lò, etí ìdí rẹ̀ ni ìbọn máa ń gbá kó tó bú. Òun fẹ́ irú èyí tí wọ́n ń gbá láàrin ìdí gan-an, nítorí òun ni wọ́n fi ń díje ní ìpele tí òun fẹ́ wọ̀. Nínú irú yẹn, ká mú ti mílímítà mẹ́sàn-án, torí ọta rẹ̀ wà níbi gbogbo, kò sì wọ́n. Èèyàn lè ra ìbọn ní pọ́ọ́kú, kí ọta rẹ̀ wá máa jẹ ẹ́ níyà. Ó ní irin àlòkù dára ju ike tuntun lọ fún eré bébà: irin wúwo, kì í tètè ta sókè. Ibi tí ìka ti ń fà á sì gbọ́dọ̀ rọ̀. Èyí tó bá le, ọwọ́ á ti yẹ̀ kúrò lójú àmì kí ọta tó jáde.

Ó gbìyànjú oríṣiríṣi, ní ṣọ́ọ̀bù àti lọ́wọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Ọ̀kan, èèkù rẹ̀ fẹ̀ jù. Òmíràn, ó le láti fà. Èyí tí ilé ọta rẹ̀ rí roboto, tó ń yí, ó ní ó rẹwà ṣùgbọ́n ọta rẹ̀ wọ́n. Kò sí èyí tí kò ní àbùkù, èmi náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́ fún àbùkù. Iṣẹ́ tí mo kọ́ ń sọ fún mi pé kó tètè rí èyí tó péye, ká lè lọ rí dókítà. Ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ náà ni mí. Mo fẹ́ kí gbogbo ìbọn ilẹ̀ Jámánì bàjẹ́ pátápátá.

Ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ ló wá júwe bàbá arúgbó kan ní Wilhelmsburg, ní Hamburg, tó ń ta tirẹ̀ nítorí pé ó ń kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Irin ni, àlòkù ni, owó rẹ̀ kò sì ju agbára wa lọ. A fi ọmọ wa sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi tó ń dirun ní Gesundbrunnen, a wọ ọkọ̀ ojú irin. Nínú S-Bahn, ọkọ̀ ojú irin ìgboro tó gbé wa kọjá lórí odò Elbe, ọkọ mi ń sọ̀rọ̀ ìbọn náà bí ẹni ń lọ tọrọ ìyàwó. Inú mi bàjẹ́ débi pé n ò lè fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Bàbá náà pàdé wa níbi tí ẹgbẹ́ tiwọn ti ń yìnbọn. Ó kí wa dáadáa, ó fún wa ní ohun tí a fi bo etí, ó sì kọ́kọ́ yin ìbọn náà kí ọkọ mi lè rí i. Bàbá yìí dàgbà ju bàbá mi lọ. Síbẹ̀, gbogbo ihò rẹ̀ ṣùpọ̀ sójú kan. Ó ṣí ìbọn náà, ó fi hàn wá pé kò sí ọta nínú rẹ̀ mọ́, ó sì nà án sí ọkọ mi.

Ọwọ́ òsì ni ọkọ mi fi gbà á.

Àwọn ará ibí kò lè mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Lójú tiwọn, ọwọ́ ni ọwọ́. Ṣùgbọ́n ọkọ mi ni mò ń sọ yìí, ẹni tí kì í gba ife omi lọ́wọ́ ọmọ wa bó bá fi òsì nà án, tí ọmọ náà á máa bi í pé "Warum?", kí ló dé, títí á fi pààrọ̀ ọwọ́. Àgbàlagbà na nǹkan sí i, ó fi òsì gbà á, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì wà nínú àpò jákẹ́ẹ̀tì, ó dì í pa mọ́ níbẹ̀. N ò tíì rí bébà kankan, mo ti mọ bí ẹjọ́ náà ṣe máa parí.

Ó ki ọta sínú ìbọn náà, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, ó mí kanlẹ̀, ó yìn ín. Nígbà tí bébà náà sún padà wá bá wa lórí wáyà rẹ̀, ihò díẹ̀ ló wà lára rẹ̀, wọ́n sì jìnnà síra wọn. Àwọn ọta yòókù ò kan bébà rárá. Bàbá náà ní kò sí wàhálà, ìbọn tí ọwọ́ ò tíì mọ̀ máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, kó tún yìn ín. Ó tún yìn ín. Bákan náà ni. Ni bàbá náà bá mú sukurudiráfà kékeré kan, ó ní bóyá irin tí wọ́n fi ń wo àmì lórí ìbọn ló yẹ̀ díẹ̀, òun á tún un ṣe.

Àwáwí nìyẹn, bàbá náà gbé e fún ọkọ mi lọ́fẹ̀ẹ́. Mo ń gbàdúrà pé kó gbà á. Mo tún ń gbàdúrà pé kó má gbà á.

"Rárá, sà," ni ọkọ mi wí ní Jámánì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí "sà" nínú Jámánì. "Ẹ má fọwọ́ kàn án. Kò sí ohun tó ṣe ìbọn yín."

Ó rọra gbé ìbọn náà kalẹ̀, ẹnu rẹ̀ kọjú sí ibi tí bébà wà. Ó yíjú sí mi.

"Ìbọn yìí dára," ló wí fún mi ní Yorùbá. "The gun is fine. Ó dára gan-an ni."

Mo bú sẹ́kún níwájú ẹni tí a ò mọ̀ rí. Bàbá náà wò mí, ó wo ọkọ mi, ojú tì í, ó sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní bó bá jẹ́ pé owó ni, òun lè dín in kù fún wa.

Ọkọ mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kì í ṣe owó.