Nọ́ńbà Tí Kò Yí Padà

Nígbà tí mo ń gbé Mowe, bí mo bá sọ fún àwọn ará ilé wa pé iṣẹ́ mi ni kí n jẹ́ kí ẹ̀rọ máa bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀, wọ́n á ní kí n wá bá wọn wo rédíò tó dákẹ́. Mi ò bá wọn jiyàn. Módẹ̀mù kékeré kan ni mo fi ń ṣe é, kò ju páálí ìṣáná méjì tí a tò pọ̀ lọ. A ó ki síìmù bọ inú rẹ̀ bíi ti fóònù, a ó so ó mọ́ ẹ̀rọ oníbàárà, á sì máa gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà wa ní Èkó.

Lára àwọn oníbàárà wa ni ìyá kan tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ agbẹ̀bí, tí wọ́n ń ta òròmọdìẹ lẹ́yìn Ibafo. Ẹ̀rọ mẹ́ta tí ń sàba lé ẹyin ni wọ́n ní. Tẹmómítà wà lára ẹ̀rọ wọ̀nyí o, ṣùgbọ́n Màmá kì í gbà á gbọ́. Wọ́n á mú ẹyin kan jáde, wọ́n á dijú, wọ́n á fi ẹyin náà lé ìpéǹpéjú, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń mọ̀ bóyá ooru tó. Ìkúnlẹ̀ ọmọ wọn obìnrin ló kù sí dẹ̀dẹ̀ ní Ìlọrin, wọ́n sì fẹ́ lọ bá a wẹ ọmọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí a wá bá wọn ṣọ́ ẹ̀rọ.

Ọjọ́ tí mo lọ so módẹ̀mù náà, láti àárọ̀ ni mo ti ń bá a fà á. Nẹ́tíwọ̀kì wà, síìmù lè fi tẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́, ṣùgbọ́n kò wọ íńtánẹ́ẹ̀tì. Orúkọ kan wà tí a gbọ́dọ̀ kọ sínú módẹ̀mù kí ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì tó lè ṣílẹ̀kùn fún un. Mo tẹ̀ ẹ́, mo tún un tẹ̀. Ìgbà tí oòrùn kan àtàrí ni mo tó rí i pé àmì ìdánudúró kékeré kan ni mo fò. Bí mo ṣe fi í sí i, ọ̀gá mi pè mí láti Èkó.

"Mo ti ń rí i! Ooru wà ní mẹ́tàdínlógójì àti ààbọ̀."

Mo sọ ọ́ fún Màmá. Wọ́n mú ẹyin kan, wọ́n fi kan ojú.

"Òótọ́ ló ń sọ," ni wọ́n wí.

Orí mi wú. Mo pe ọkùnrin tó ń bá wọn tọ́jú ibẹ̀, ẹgbẹ́ mi ni, mo ní, "Yàtọ̀ sí ìgbà tí o bá fẹ́ bu omi sí i, má ṣílẹ̀kùn ẹ̀rọ wọ̀nyí mọ́. Àwa ń wò wọ́n láti Èkó."

Màmá lọ sí Ìlọrin. Ó tó ọjọ́ mẹ́wàá tí gbogbo nǹkan ń lọ déédéé. Lọ́jọ́ kan, mo wo ojú kọ̀ǹpútà láàárọ̀, mo wò ó nírọ̀lẹ́, nọ́ńbà kan náà ni. Inú mi tiẹ̀ dùn, mo ní ooru náà dúró ṣinṣin. Nígbà tí mo dé ọ́fíìsì lọ́jọ́ kejì tí ẹ̀rọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì ń sọ ohun tí wọ́n sọ lánàá gẹ́lẹ́, mo fura. Ooru kì í dúró lójú kan bẹ́ẹ̀. Mo pe ọkùnrin náà.

"Iná wà, Ẹńjíníà. Kò sí wàhálà."

"Ṣé o ti fọwọ́ kan àwọn ẹyin náà?"

"Ṣebí ẹ ní kí n má ṣílẹ̀kùn."

Mo ní kó ṣí i. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, mo gbọ́ ilẹ̀kùn.

"Ẹlẹ́ẹ̀kejì ti tutù."

Nígbà tí mo fi máa débẹ̀, iná módẹ̀mù ṣì ń ṣẹ́jú wẹ́wẹ́. Nẹ́tíwọ̀kì ti já a sílẹ̀ láti ọjọ́ tó ṣáájú, kò sì mọ̀. Ńṣe ló ń sọ̀rọ̀ lọ láìsí ẹni tó ń gbọ́, kọ̀ǹpútà wa sì di ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tó gbọ́ mú. Láàárín ìgbà yẹn ni wáyà tó ń mú ẹ̀rọ kejì gbóná jó.

Mo rò ó pé kí n di ẹ̀bi náà ru nẹ́tíwọ̀kì. Mi ò lè ṣe é. Mo pe Màmá, mo ní, "Màmá, èmi ni mo jẹ̀bi. Mi ò kọ́ módẹ̀mù náà bí yóò ṣe mọ̀ bí ọ̀nà bá dí. Èmi náà ni mo ní kí wọ́n má fọwọ́ kan ẹyin."

Mo ń gbọ́ ẹkún ọmọ tuntun lẹ́yìn wọn.

"Ẹyin ọjọ́ mélòó ló wà níbẹ̀?"

"Ọjọ́ kẹtàdínlógún ni wọ́n wà, mà."

Wọ́n mí kanlẹ̀. "Ẹ má kó wọn dànù o. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì yẹ̀ wọ́n wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ọmọ inú rẹ̀ bá mira, ẹ gbé e sínú ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́."

Èmi àti ọkùnrin náà fi aṣọ bo fèrèsé, a jókòó sílẹ̀, a ń gbé ẹyin sójú tọ́ọ̀ṣì. Púpọ̀ nínú wọn kò mira. Nígbà tí ọjọ́ pé, ìwọ̀nba díẹ̀ nínú ẹyin ẹ̀rọ kejì ló di òròmọdìẹ.

Kí Màmá tó dé, mo ti tún módẹ̀mù náà kọ́. Ní gbogbo ìṣẹ́jú mélòó kan, á béèrè lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà wa bóyá ó ń gbọ́ òun. Bí kò bá rí èsì lẹ́ẹ̀mẹ́ta, á pa ara rẹ̀, á tan ara rẹ̀, á tún ọ̀nà wá. Mo sì jẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa fi aago tí ọ̀rọ̀ ìkẹyìn wọlé hàn wá.

Nígbà tí wọ́n dé, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Dìde. Bí obìnrin mẹ́ta bá ń rọbí, tí méjì ń ké, èyí tó dákẹ́ ni mo máa ń kọ́kọ́ sáré bá. Kò sẹ́ni tó kọ́ ẹ bẹ́ẹ̀ ni."

Wọn ò ní kí n yọ módẹ̀mù náà. Ọkùnrin náà ń fọwọ́ kan ẹyin láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, módẹ̀mù ń ṣe tirẹ̀.

Láti ìgbà náà, ibikíbi tí mo bá so irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí, bó bá ti wọ íńtánẹ́ẹ̀tì tán, ọwọ́ ara mi ni mo fi ń yọ áńtẹ́nà rẹ̀. Oníbàárà kan ní Akute bi mí lẹ́ẹ̀kan pé kí ló dé tí mo ń ba ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe jẹ́. Mo ní kí wọ́n fún mi ní àga, mo jókòó, mo ń wo aago bóyá yóò mọ̀ pé ọ̀nà ti dí.