Alárinà Tí Bọ̀dá Wáyà Jogún

Bọ̀dá Wáyà ni gbogbo ilé wa ń pe ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, nítorí kò sí ìgbà tí wáyà kan kì í yọ látinú àpò rẹ̀ bí ìrù ọ̀bọ. Ọdún méjì péré ló fi jù mí lọ. Lójú rẹ̀, "ẹ" ni mo ń sọ, torí pé Màmá wa ń gbọ́. Lẹ́yìn rẹ̀, "ó" ni. Bí ó bá dùn ún, kí òun náà kọ ìtàn tirẹ̀.

Ilé ìkàwé ìlú ló ti ń ṣiṣẹ́. Yàrá rẹ̀ wà lábẹ́ àtẹ̀gùn, níbi tí wọ́n ń kó ìgbálẹ̀ sí tẹ́lẹ̀, òórùn ọṣẹ ìfọlẹ̀ kò sì tíì kúrò níbẹ̀ dòní. Ibẹ̀ ni kọ̀ǹpútà àgbà wà, èyí tí gbogbo kọ̀ǹpútà yòókù nínú ilé náà ń gbọ́ tirẹ̀. Ó ń hó bí ìkòkò omi láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n mi á sì máa rọ̀ ọ́ pé kó rọra, ta ló ń lé e. Ẹni tó bá kọjá lẹ́nu ọ̀nà á rò pé ìyàwó rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Màmá wa, tó ti ń wá ìyàwó fún un tipẹ́, lọ yọjú wo yàrá náà lọ́jọ́ kan. Wọ́n padà wálé, wọ́n ní àwọn ò rí nǹkan kan níbẹ̀ tó lè se ọbẹ̀.

Láti ìgbà tí wọ́n ti gbà á síṣẹ́, òṣìṣẹ́ onígbà díẹ̀ ni. Ìgbà díẹ̀ náà ti gùn débi pé àwọn ọmọ tí wọ́n ń pọ̀n wá síbẹ̀ nígbà náà ti ń fẹsẹ̀ ara wọn wá yá ìwé. Bí ọdún bá ti ń lọ sópin, ọkàn rẹ̀ kì í balẹ̀, torí ọjọ́kọ́jọ́ ni wọ́n lè ní kó máa lọ sílé. Ohun kan ṣoṣo tó ń fẹ́ ni kí wọ́n sọ ọ́ di òṣìṣẹ́ gidi.

Àyè wá ṣí sílẹ̀. Wọ́n ń kọ́ gbọ̀ngàn ìkàwé tuntun, ọ̀gá wọn, obìnrin kan tí kì í bọ́ gíláàsì ojú lọ́rùn, sì sọ nípàdé pé páásíwọ́ọ̀dù mẹ́ta tí òǹkàwé kọ̀ọ̀kan ń há sórí ti pọ̀ jù. Ọ̀kan láti wá ìwé, ọ̀kan láti lo kọ̀ǹpútà, ọ̀kan láti kàwé láti ilé. Àwọn àgbàlagbà ń kọ tiwọn sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n á sì lọ fọwọ́. Ọ̀gá fẹ́ kó di ẹyọ kan kí gbọ̀ngàn tó ṣí. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ta ètò kọ̀ǹpútà tó lè ṣe é ń pe iye tí kò ṣeé gbọ́ sétí. Ni ẹ̀gbọ́n mi bá dìde láàárín ìpàdé. Ó ní ètò ọ̀fẹ́ pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí àwọn èèyàn rere kọ, tí wọ́n sì ṣí inú rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Òun á kó wọn jọ, òun á so wọ́n pọ̀. Ọ̀gá tẹjú mọ́ ọn, wọ́n ní bó bá lè ṣe é, àwọn fúnra àwọn á fọwọ́ sí ìwé tó máa sọ ọ́ di òṣìṣẹ́ gidi.

Ètò mẹ́ta ló kó jọ. Èmi ni mo sọ wọ́n lórúkọ, torí orúkọ tí àwọn tó kọ wọ́n fún wọn dà bí ìgbà tí èèyàn bá ń sín. Ìyá Àká ló ń tọ́jú orúkọ gbogbo òǹkàwé. Bàbá Ẹnubodè ló jókòó sẹ́nu ọ̀nà tó ń bi oníkálukú pé ìwọ ta ni. Alárinà sì ni ètò kékeré tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó gbé ọ̀rọ̀ Bàbá lọ fún Ìyá, kó gbé èsì bọ̀.

Bó bá dán Ìyá Àká wò lóun nìkan, ara Ìyá yá gágá. Bàbá Ẹnubodè náà, kò sí àbùkù lára rẹ̀. Àfi tó bá so wọ́n pọ̀, gbogbo rẹ̀ á dákẹ́ bí ilé tí tọkọtaya ti jà mọ́jú. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló máa ń jáde lójú kọ̀ǹpútà: pé ẹnì kan kò dáhùn. Kò sì ní sọ ẹni náà.

Ó lọ bá àwọn tó kọ Bàbá Ẹnubodè lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ní ẹjọ́ náà kì í ṣe tàwọn, kó lọ bá àwọn Ìyá Àká. Àwọn Ìyá Àká ní ara Ìyá le koko, kó lọ yẹ Alárinà wò. Ó gbé Ìyá Àká tuntun wọlé, Alárinà ò dá a mọ̀. Ó dá ti àtijọ́ padà, Bàbá Ẹnubodè ní òun ò bá arúgbó ṣe. Ó wá Bàbá Ẹnubodè àtijọ́ lọ, ìkìlọ̀ wà lórí ìyẹn pé olè lè gba ara rẹ̀ wọlé. Àwọn àgbà ní bí ìyàwó bá mojú ọkọ tán, alárinà a yẹ̀ba. Ti ẹ̀gbọ́n mi yàtọ̀: ọkọ àti ìyàwó ò tíì kí ara wọn, alárinà ti yẹ̀ba.

Ohun tó sì ká a lára jù ni pé kò rí ẹni bá jà. Bí èèyàn bá ra bàtà tó já, ó lè padà sọ́dọ̀ ẹni tó tà á, kí wọ́n sọ̀rọ̀ sí ara wọn. Èyí, ọ̀fẹ́ ni. Aṣọ ta ló fẹ́ dì mú? Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó nídìí oúnjẹ bí àlejò. Ó ń ro tíì tí kò tíì fi ṣúgà sí.

Ni mo bá pe ìpàdé ẹbí. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni, mo to àga mẹ́ta sí pálọ̀. Mo fi gèlè Màmá wa kọ́ ẹ̀yìn ọ̀kan, mo fi fìlà kọ́ ìkejì, mo fi ti Alárinà sílẹ̀ lófìfo. Mo ní, "Bọ̀dá, àwọn ẹbí ti pé. Ẹ wá ro ẹjọ́ yín." Mo rò pé yóò lé mi jáde. Dípò ìyẹn, ó jókòó síwájú àwọn àga náà, ó sì ń rojọ́ lóòótọ́, ó ń nàka sí gèlè, ó ń nàka sí fìlà. Màmá wa gbọ́ láti ilé ìdáná, wọ́n nu ọwọ́, wọ́n wá jókòó sórí àga Alárinà bí adájọ́.

Nígbà tó parí, wọ́n bi í pé, "Ta ló bí Alárinà yìí?"

Ó ní ọkùnrin kan ni, ọ̀nà jíjìn, kò tíì fọwọ́ kàn án láti ọdún mélòó kan.

"O ti lọ kí i?"

"Màmá, wọn kì í kí ara wọn níbẹ̀. Èèyàn á kàn kọ ohun tó bà jẹ́ ni."

"O wọ ilé onílé, o ò kí i, o wá ń sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ ò gbọ́n." Wọ́n mi orí. "Gbé ẹ̀rọ yẹn wá."

Bí Màmá wa ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tó máa kọ nìyẹn. Wọ́n kí ọkùnrin náà kú iṣẹ́, wọ́n kí i kú ìnáwó ilé, wọ́n béèrè ìyàwó, wọ́n béèrè àwọn ọmọ. Wọ́n dúpẹ́ pé ó bí Alárinà fún gbogbo ayé láìgba kọ́bọ̀. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n tó ní kí ẹ̀gbọ́n mi fi ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ sí, ní ṣókí. Wọ́n wá fi parí rẹ̀ pé: "Ẹ fi mí ṣe ọmọ yín. Ohunkóhun tí ẹ bá ní kí n ṣe ni n ó ṣe." Ẹ̀gbọ́n mi ń yí i sí èdè tí ọkùnrin náà gbọ́, wọ́n sì fi mí ṣọ́ ọ kó má yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò. Ó fẹ́ yọ "ìnáwó ilé." Mo fẹjọ́ rẹ̀ sùn.

Ilẹ̀ mọ́, èsì dé. Ọkùnrin náà ní láti ìgbà tí òun ti kọ Alárinà, èébú ni wọ́n fi ń kí òun, ẹnikẹ́ni ò béèrè ìyàwó òun rí. Ìyàwó náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ìbejì, òun ò sì rí oorun sùn, áńbèlètàsé kóun tún ètò ṣe. Ó ní omi ń bọ́ lójú òun bí òun ṣe ń kà á. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi sì ti sọ pé ohunkóhun tí òun bá ní kó ṣe ni yóò ṣe, kó gba Alárinà, ó di tirẹ̀ láti òní lọ. Kó tó kà á tán, ọkùnrin náà ti kọ orúkọ ẹ̀gbọ́n mi sókè ojú ìwé Alárinà lórí íntánẹ́ẹ̀tì gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ni ín.

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi di ògiri mú. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun á dá a padà. Màmá wa ní ẹ̀bùn tí bàbá ìbejì fọwọ́ ara rẹ̀ fún ọ, báwo lo ṣe fẹ́ dá a padà? Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ẹjọ́ àwọn tó ń lo Alárinà bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé láti àwọn ibi tí a ò lè pe orúkọ wọn. Àwọn kan bẹ̀bẹ̀, àwọn kan bú u. Gbogbo wọn ló ń béèrè ìgbà tó máa tún un ṣe. Ó ṣí inú Alárinà, ó wò ó lọ, ó wò ó bọ̀. Ó ní, "Èmi ń so nǹkan pọ̀ ni. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń bí wọn." Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi.

Kó tó di pé a kọ ímeèlì yẹn, ó ti sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé ẹni tó ni Alárinà ló ń fa ìdádúró. Ọ̀gá kì í ṣe ẹni tó ń káwọ́ gbera. Wọ́n wá ojú ìwé náà rí fúnra wọn, wọ́n sì kọ ẹjọ́ síbẹ̀ lórúkọ ilé ìkàwé. Ọjọ́ tí gbọ̀ngàn ṣí, òǹkàwé tò láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí òdòdó. Ẹnì kan kò dáhùn, ni kọ̀ǹpútà ń sọ. Àwọn òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ kọ orúkọ sórí ìwé pélébé. Nígbà tí èrò túká, ọ̀gá pè é sí ọ́fíìsì, wọ́n sì yí ojú kọ̀ǹpútà wọn sí i.

"Orúkọ ta nìyí?"

"Tèmi ni, mà."

"Ìwọ lo ni ín?"

"Wọ́n fi ta mí lọ́rẹ ni, mà."

"O sọ fún mi pé ẹni tó ni ín ni kò jẹ́ kó ṣiṣẹ́. O ti wá ni ín báyìí. Kí ló kù?"

Ẹ̀gbọ́n mi sọ fún mi pé ó sàn kí wọ́n jágbe mọ́ òun, ṣùgbọ́n ohùn pẹ̀lẹ́ ni wọ́n fi bá òun sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ìwé tó máa sọ ọ́ di òṣìṣẹ́ gidi wà nínú dúrọ́ọ̀ àwọn. Ọjọ́ tí ẹni tó ni Alárinà bá tún un ṣe làwọn máa fọwọ́ sí i.

Ó wálé, ó jókòó sídìí tábìlì, ó ṣí Alárinà síwájú bí ẹni tí wọ́n gbé ọmọ aládùúgbò fún tí ọmọ náà ò dákẹ́ ẹkún. Ẹjọ́ ọ̀gá rẹ̀ ló wà lókè pátápátá, kò tíì sẹ́ni tó dá a lóhùn, ẹ̀gbọ́n mi tó ni Alárinà báyìí ló sì yẹ kó dá a lóhùn. Màmá wa kọjá, wọ́n ní kó kọ́kọ́ kí ọ̀gá náà. Ó kọ ọ́ pé: "Ẹ kú iṣẹ́, mà. A ti rí ẹjọ́ yín. A ń wò ó."

Mo yọjú léjìká rẹ̀. "Bọ̀dá, ta ni àwọn tó ń wò ó?"

Ó fi ẹsẹ̀ ti àga kan sí mi. Mo jókòó, mo sì ń wò ó pẹ̀lú rẹ̀. Èmi náà ò mọ nǹkan kan níbẹ̀.